Màmá Bọ́lánlé Gbálẹ̀ De Insurance

Láti ìgbà tí Màmá Bọ́lánlé ti dé Calgary ní Kánádà, ìkíni kan ṣoṣo ló ń rí gbà: ẹ kú ìjókòó. Ọmọlará ọmọ rẹ̀ á ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé, á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Mummy, ẹ kú ìjókòó o." Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á yà kí i, ẹ kú ìjókòó, Mummy. Kò sí èébú níbẹ̀. Ẹni tó bá jókòó, bí a ṣe ń kí i nìyẹn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti ń ránṣọ ní Ìlarò láti ọ̀dọ́ dé ogbó, tí ilẹ̀ kì í mọ́ bá lórí ibùsùn, ẹ gbà mí, kí ló fẹ́ fi ìkíni ìjókòó ṣe?

Inúolúwa, ọmọ-ọmọ tó tìtorí rẹ̀ wá, ti ń lọ sí daycare. Ẹ̀rọ ló ń fọ aṣọ, ẹ̀rọ ló ń fọ abọ́. Bí Màmá bá sì fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ báyìí, Ọmọlará á já a gbà: "Mummy, ẹ sinmi jàre. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó láyé yín." Ó wá ku fèrèsé ẹ̀yìn ilé wọn ní àdúgbò Falconridge. Ibẹ̀ ni Màmá ń jókòó sí, tí ojú ọ̀run tó tẹ́ lọ rẹrẹ á máa gbé ọkàn rẹ̀ lọ. Oòrùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ kì í fẹ́ wọ̀. Ó ń ṣe bí àlejò tó jẹun tán tí kò dìde. Nínú ìmọ́lẹ̀ gígùn yẹn, Màmá kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìgbà tó ń ronú yàtọ̀ sí ìgbà tó ń tòògbé. Á máa wo ìkùukùu, á sì máa gbọ́ ohùn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láti òkèèrè.

Ohun kan ṣáá dá a lójú: òun máa padà sílé. Ọmọlará ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró, ṣùgbọ́n Màmá ti pinnu pé bí ọwọ́ òun kò bá rí iṣẹ́ ṣe kí òtútù tó dé, ilé yá. Ó ti ń ká aṣọ kọ̀ọ̀kan sínú báàgì rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí ọmọ má baà fura.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìjì dé. Ojú ọ̀run ṣú, ó sì ní àwọ̀ ewé díẹ̀, irú èyí tí Màmá kò rí lójú ọ̀run rí. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í já lu òrùlé, lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn dé. Fẹ́ǹsì onípákó tó wà láàárín ilé wọn àti ilé Clement, aládùúgbò wọn, mì síwájú, ó mì sẹ́yìn, bí ẹni tó ń rò ó bóyá kí òun jókòó. Nígbà tó yá, ó sùn gbọọrọ sórí ilé dígí kékeré tí Clement ń gbin tòmátò sí. Kò sí dígí kan tó ṣẹ́kù.

Ìjì rọlẹ̀. Atẹ́gùn ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ: gbogbo ohun tí fẹ́ǹsì ti ń bò láti ìgbà tí Màmá ti dé wá hàn kedere. Koríko tó ti ga, àga kan ṣoṣo, àti Clement fúnra rẹ̀, bàbá arúgbó kan tó wọ ṣòkòtò péńpé, tó dúró sáàárín yìnyín, tó gbé igi tòmátò tó ṣẹ́ sápá bí ọmọ ọwọ́.

"Pẹ̀lẹ́ o," ni Màmá wí láti ojú fèrèsé. Bàbá náà kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dun Màmá dọ́kàn.

Nígbà tí Ọmọlará dé, òun àti Clement pàdé níbi tí fẹ́ǹsì wó sí. Clement ní òpó tó wà lápá ọ̀dọ̀ wọn ti jẹrà tipẹ́, bó bá sì jẹ́ àìtọ́jú ló wó o, ẹrù wọn ni, àti fẹ́ǹsì àti dígí. Ọmọlará ní orí ààlà ni fẹ́ǹsì wà, ilé méjèèjì ló ni ín, òun kọ́ ni òun sì rán atẹ́gùn níṣẹ́. Kò sí èyí tó pariwo nínú wọn. Ẹ̀rín músẹ́ ni wọ́n fi ń jà ní ìlú yẹn, ó sì máa ń dunni ju ariwo lọ.

Ọmọlará wọlé, ó pe iléeṣẹ́ adójútòfò, ó bá wọn sọ̀rọ̀ títí.

"Mummy, ẹnì kan ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la láti insurance," ó ní. "Ó fẹ́ wá wo backyard."

"Àlejò ń bọ̀?"

"Ẹ̀n, Mummy. Ó ti rẹ̀ mí jàre. Ẹ jẹ́ n lọ sùn."

Wọ́n ti sọ fún un lórí fóònù pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohunkóhun kí ẹni tó ń bọ̀ tó rí i. Ìyẹn ló gbàgbé láti sọ.

Ní ìdájí, Màmá lá àlá pé òun wà ní àgbàlá bàbá òun ní Ìlarò, ọmọdébìnrin ni òun. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bínú, ó kàn ń wò ó. "Bọ́lánlé, àlejò ń bọ̀, ilẹ̀ wá rí báyìí?" Màmá dìde. Bóyá ó jí tán, bóyá kò jí tán, òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ. Ó fa ìgbálẹ̀ tó gbé wá láti ilé yọ lábẹ́ àwọn aṣọ inú báàgì, ó jáde sínú ìmọ́lẹ̀ eléérú.

Ẹyẹ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níta. Yìnyín ti yọ́, koríko tutù lẹ́sẹ̀. Màmá gbá ewé jọ, ó ṣa àfọ́kù dígí, ó to pákó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Èyí tí kò lè gbé, ó wọ́ ọ. Kùkùté àwọn òpó tó ṣẹ́ ṣì yọrí nínú ilẹ̀, ó wa iyẹ̀pẹ̀ bò wọ́n mọ́lẹ̀, kí àlejò má baà fẹsẹ̀ kọ. Ìgbálẹ̀ kò mọ ààlà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe bá ara rẹ̀ lọ́dọ̀ Clement. Àwọn tòmátò náà dọ̀bálẹ̀. Màmá mú pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀, ó fa àjákù ankara ya, ó sì di igi tòmátò kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, jẹ́jẹ́. Ẹ̀yìn ń ro ó. Inú rẹ̀ dùn, ó dùn débi pé ó ń kọrin láìmọ̀.

Ọmọlará gbé tíì dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà á nù.

"Yéè! Mummy! Ta ló palẹ̀ mọ́?"

"Èmi ni. Ṣebí ìwọ lo ní àlejò ń bọ̀?"

"Ah, Mummy! Evidence nìyẹn! Wọ́n ní ká má fọwọ́ kan nǹkan kan. Clement ti ń sọ pé òpó wa jẹrà, ẹ sì lọ bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n máa rò pé a fẹ́ fi pamọ́ ni. Insurance lè ní àwọn ò ṣe mọ́." Ó gbọ́wọ́ lérí. "Èmi náà ni mi ò sọ fún yín."

Màmá wo ilẹ̀ tó gbá. Ìgbálẹ̀ wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọwọ́ òun rí ṣe ní ìlú yìí, òun ló tún fẹ́ kó bá ọmọ òun. Ó rántí báàgì, ó sì mọ̀ pé ó ku aṣọ díẹ̀ kó kún.

Àlejò náà dé, obìnrin kan tó wọ bàtà iṣẹ́. Ó wo ilẹ̀ tó mọ́ féfé, ó wo Ọmọlará. "Fẹ́ǹsì wo ló wó?" Ọmọlará na ọwọ́ sí pákó tí Màmá tò jọ.

Clement ló kọjá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó mú fóònù dání. Ọmọlará sún mọ́ ìyá rẹ̀. Bàbá náà ní kí ilẹ̀ tó ṣú lánàá, òun ti ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò, bí òpó ṣe ṣẹ́ àti bí pákó ṣe wó. Ó ní òun jí ní ìdájí, òun rí màmá yìí tó ń bo kùkùté, òun sì sọ lọ́kàn ara òun pé, ọwọ́ tẹ̀ wọ́n wàyí. Òun bẹ̀rẹ̀ sí í yà á ní fọ́tò láti fi ṣe ẹ̀rí. Ó wá fi èyí tó kẹ́yìn hàn wọ́n: Màmá lórí ìkúnlẹ̀, àjákù ankara láàárín eyín rẹ̀, tó ń di tòmátò Clement. Ohùn bàbá náà rẹlẹ̀. Ó ní ẹni tó ń bo ọ̀ràn mọ́lẹ̀ kì í dúró di tòmátò ẹlòmíràn.

Obìnrin náà fẹsẹ̀ gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórí kùkùté, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná tẹ igi náà. Inú rẹ̀ funfun, ó le koko. Kò jẹrà. Ó ní atẹ́gùn ló ṣẹ́ ẹ, kò sí ẹni tó jẹ̀bi: kí ilé kọ̀ọ̀kan bá adójútòfò tirẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ìdajì fẹ́ǹsì tirẹ̀, kí Clement sì bá tirẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí dígí. Clement bẹ Ọmọlará pé kó má bínú. Obìnrin náà ní kí wọ́n ṣí àwọn kùkùté tó kù, kí òun lè yà wọ́n ní fọ́tò.

Màmá ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tún fi fọ́tò yẹn han òun. Ó wò ó pẹ́. Ẹnì kan ti rí òun níbi tí òun ti ń ṣiṣẹ́.

Ọmọlará wọlé lọ wá ìbọ̀wọ́ fún ìyá rẹ̀. Báàgì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ lórí ibùsùn Màmá, bó ṣe fi í sílẹ̀ nígbà tó fa ìgbálẹ̀ yọ. Aṣọ inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dé ẹnu, kíká, títò. Ọmọlará dúró síbẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó jáde, Màmá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórí kùkùté. Ọmọlará na ọwọ́ láti gba ìgbálẹ̀, bó ṣe mọ́ ọn lára. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó kúnlẹ̀ lórí koríko tútù, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn.

"Mummy," ó ní, "ẹ kú iṣẹ́."

Màmá ṣì ń gbá iyẹ̀pẹ̀ lọ.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ó ní. "Iṣẹ́ pọ̀ níbí."