Pupa tí kọ́pà wí kì í ṣe pupa epo

Èmi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbà nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì, olùgbé Ugborikoko, ń kéde pé èdè Yorùbá gba òdo ní iléèwé kan ní Warri lónìí.

Kọ́pà, agùnbánirọ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kan ní kẹ́mísírì, ló po pamáńgánéètì, omi aláwọ̀ àlùkò.
Ó ní kí kálukú máa kán an láti inú bùrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́, sínú ìgò ásíìdì, kó fi mọ bí ásíìdì náà ṣe lágbára tó. Máàkì ìdánwò ni.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni kọ́pà. Ó yọ́ lọ bá àwọn ọmọ Yorùbá mẹ́ta tó wà ní kíláàsì, ó fi Yorùbá sọ ọ́ kí àwọn tó kù má baà gbọ́:
"Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, tó bá ti pupa, ẹ dá a dúró."

Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá ń ṣọ́ ìgò wọn jẹ́jẹ́, bí ìwé ṣe wí. Bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tuntun báyìí, wọ́n dá a dúró. Wọ́n gba máàkì.

Àwọn ọmọ ìyá kọ́pà ń retí pupa epo. Wọ́n ń dà á lọ.

Kọ́pà dé, ó dorí mú. "Ta ló ní kẹ́ ẹ dà á tó báyìí?"
"Oga, na you talk say make e pupa. E never pupa reach."
"Pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lọ́kàn mi."
"Fẹ́ẹ́rẹ́ dey your mind, sa. Na pupa comot for your mouth."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá dénú, kí lẹ ń pe pupa tí kò tíì pupa? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀.

Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan níbí. Kúnlé ará Ugborikoko ni, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn. Èmi ni mo da bùrẹ́ẹ̀tì tèmi tán, tí mo tún ń bèèrè òmíràn.