Ọjọ́ Tí Mo Lé Àkùkọ Mú ní Oǹdó

N kò lè gbàgbé ọjọ́ Sátidé tí mo lé àkùkọ màmá àgbà mú ní Oǹdó.

Dókítà wa ní Àkúrẹ́ ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ikọ́ fée ló ń ṣe mí. Oògùn àkọ́kọ́ kàn ń mú ọwọ́ mi gbọ̀n ni. Ló bá fún mi ní èyí tí mò ń fín sẹ́nu láràárọ̀ àti lálaalẹ́.

Lọ́jọ́ náà, àkùkọ já okùn, mo sì gbá tẹ̀lé e.

Màmá àgbà kígbe pé, “Dúró! Má kú sí mi lọ́rùn o!”

Mo mú un. Mo wá dúró, mò ń retí kí àyà mi máa súfèé bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ bí mo bá sáré. Kò súfèé.

Màmá àgbà gbé etí lé mi láyà. Ó ní, “Àkùkọ nìkan ló ń mí hẹlẹhẹlẹ!”

Inú mi dùn gan-an, nítorí mo mọ̀ pé oògùn tí mò ń fín sẹ́nu náà ti bá mi lára mu.