Ọkọ́ Ìyá Àgbà Lórí Sìmẹ́ǹtì

Nígbà tí bàbá mi kọ́lé sí Ọ̀wọ̀, ó lọ mú ìyá rẹ̀ kúrò lóko ní Uso, pé kó wá sinmi. Gbogbo àgbàlá ilé náà, sìmẹ́ǹtì ni. Ìyá àgbà tó ti ń kọ ebè láti kékeré, ilẹ̀ tó tó gbin ilá kan, kò rí. Àwọn aládùúgbò ń yin bàbá mi pé ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀. Ìtọ́jú ẹran ìso.

Lówùúrọ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ dá, ìyá àgbà mú ọkọ́ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gba ẹnu géètì lọ. Wọ́n ti fi àgádágodo sí i. Bàbá mi ní, “Yèyé, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó.”

Ìyá àgbà fi ọkọ́ náà kan sìmẹ́ǹtì, ó ró gbì. Ó wá bi í pé, “Ọmọ mi, kí ni mo jí?”