Orúkọ Tó Wà Nínú Ìwé Orval

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Nedra Vasbinder fi wa bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé lẹ́bàá odò Sorrel. Kò sí ilé kan, láti orí òkè títí dé ibi tí odò náà ti ń wọ òkun, tí kò mọ ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Bí wọ́n bá dárúkọ àgbàlagbà kan fún un, kì í béèrè iṣẹ́ tí onítọ̀hún ń ṣe. Ibi tó ti máa ń dúró de bọ́ọ̀sì ló máa ń rántí, àti bóyá ó máa ń jókòó jẹ́ẹ́.

Ìwà kan wà tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, Nedra kì í pariwo mọ́ ọn, kì í sì í fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ó lẹ bébà kan mọ́ iwájú bọ́ọ̀sì, ó fi okùn so pẹ́ńsù mọ́ ọn. Ọmọ náà á dìde fúnra rẹ̀, á rìn láti ẹ̀yìn wá síwájú lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, á kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, á padà lọ jókòó. "Èmi ò ní í bá ẹ kọ ọ́," ló máa ń wí. "Ìwọ lo ṣe é." Àwọn ọmọ kan wà tí ì bá tẹ́ wọn lọ́rùn kó nà wọ́n.

Nígbà tó kọ́kọ́ ń wa bọ́ọ̀sì yìí, bó bá ti gun orí afárá nígbà ìwọ́wé, àwọn ọmọ á yọrí lójú fèrèsé, wọ́n á máa ka ẹja sámọ́ọ̀nù tó ń bọ̀ láti òkun wá yé ẹyin. Wọ́n máa ń jà sí iye rẹ̀. Lọ́dún tó fẹ̀yìn tì, ẹja náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò sí ọmọ kan tó yọrí mọ́. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn, kò sì tijú láti sọ ọ́. Bó ṣe di ẹni tó ń kó èèyàn jọ nítorí ẹja nìyẹn. Kò ní ọ́fíìsì, kò ní ọ̀gá. Fóònù kan ló ní, àti ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì rẹ̀ àtijọ́: ọ̀tún odò lọ́jọ́ Ajé, òsì odò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ilé dé ilé. Ó mú apẹja àti àgbẹ̀ jókòó pọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ onílẹ̀ tí odò náà ti jẹ́ ti baba ńlá wọn kí baba ẹnikẹ́ni nínú àwọn yòókù tó débẹ̀. Àwọn tí kì í kí ara wọn tẹ́lẹ̀ wá ń bu ọbẹ̀ ẹ̀wà fún ara wọn.

Ọ̀ràn tó wà nílẹ̀ lọ́dún yẹn kò díjú. Ilé iṣẹ́ kan fẹ́ máa fi katapílà kó òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ odò lọ tà fún àwọn tó ń la títì. Inú òkúta wẹ́wẹ́ yẹn sì ni sámọ́ọ̀nù ń gbẹ́ ìtẹ́ sí, tó ń yé ẹyin sí, tó ń fi ìrù bò ó mọ́lẹ̀. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni-mẹ́ta ni yóò dìbò sí i lóṣù Kọkànlá. Ẹnì kan ti ní òun fọwọ́ sí i, ẹnì kan ní òun ò fọwọ́ sí i. Ẹnì kẹta ni Travis Lundeen, tí àbúrò rẹ̀, Shane, ń wa típà fún ilé iṣẹ́ náà gan-an. Ta ni kò mọ ibi tí ìbò yẹn fẹ́ já sí?

Nedra ní kí ìgbìmọ̀ wá fojú ara wọn rí odò. Ó kó èèyàn jọ lọ́jọ́ tó ṣáájú, wọ́n ṣa ike àti ìdọ̀tí kúrò ní bèbè odò. Òun fúnra rẹ̀ ló tú àwọn ríbọ́ọ̀nù búlúù mẹ́ta kan lára ẹ̀ka igi. Lọ́jọ́ kejì, ọgọ́ta èèyàn dé pẹ̀lú bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀. Wọ́n wọ ibi tí omi ò ti jìn, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ya fọ́tò. Travis ṣí fìlà lórí. Inú Nedra dùn dé ọrùn.

Ìgbà tí gbogbo wọn ti lọ tán ni Orval Skaar dé. Bàbá ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, agégẹdú tó ti fi iṣẹ́ igi gígé sílẹ̀, òun ló sì ń ka ìtẹ́ ẹja lódò yẹn láti ọdún mọ́kànlélógún. Ìtẹ́ tuntun máa ń funfun láàárín òkúta yòókù, ṣùgbọ́n tó bá pé oṣù kan, ó ti dúdú padà, ojú ò lè dá a mọ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí Orval fi máa ń so ríbọ́ọ̀nù mọ́ igi tó kọjú sí i.

"Nedra, ta ló tú ríbọ́ọ̀nù mi?"

"Àwọn búlúù yẹn? Ti èṣí kọ́ ni? Pupa ni tọdún yìí. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi."

"Pupa ti tán. Mo bá lo èyí tó kù nílé."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"O ò sì bi mí."

Bàbá náà rìn dé etí omi, ó na ọ̀pá. "Ọ̀kan wà níbí. Ọ̀kan wà lọ́hùn-ún. Ìkẹta… ibo nìwọ dúró sí?"

Nedra fọwọ́ hàn án. Orval fi ọ̀pá kan ibẹ̀ gan-an: ibẹ̀ ni ìkẹta wà.

Ìtẹ́ mẹ́tàlélógún péré ló wà nínú odò náà lọ́dún yẹn. Bàtà wọn ti tẹ mẹ́ta fọ́, ó di ogún. Nedra jókòó sórí kùkùté igi, ó sunkún bí ẹni tí òkú kú fún, ojú sì tì í débi tí kò lè gbójú sókè wo bàbá náà.

Orval mú ìwé ìkàyé rẹ̀ wá láti inú ọkọ̀. Nínú ìwé yẹn, ìlà kan wà fún ìtẹ́ kọ̀ọ̀kan, àyè kan sì wà níparí ìlà fún ohun tó bà á jẹ́: àgbọ̀nrín, ajá, ìkún omi. "Ọ̀la ni ìgbìmọ̀ fẹ́ gba ìwé yìí," ló wí. "Mo fi àyè mẹ́ta sílẹ̀. Kọ ìkún omi síbẹ̀. Òjò ò ní í bá ẹ ṣẹjọ́."

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún un yín, ó wù ú láti kọ ọ́. Wàhálà ọdún méjì wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá gbọ́, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi pa òun àti àwọn èèyàn òun, ogún ìtẹ́ tó kù á sì bá a lọ. Ó di pẹ́ńsù mú títí kọfí inú ife rẹ̀ fi tutù. Lẹ́yìn náà ló kọ Nedra Vasbinder sí ìlà kìíní, ó kọ ọ́ sí ìkejì, ó kọ ọ́ sí ìkẹta.

"Ẹ̀ẹ̀kan ì bá tó," Orval wí.

"Ìtẹ́ mẹ́ta ni."

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn iléèwé kún. Lọ́yà ilé iṣẹ́ náà gbé ìwé Orval sókè, inú rẹ̀ ń dùn. "Kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́ o, ìwé tiwọn ni. Katapílà wa ò tíì fọ́ ẹyọ kan. Màmá yìí fọ́ mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà."

Apá kan gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Lápá kejì, ẹnì kan nínú àwọn èèyàn Nedra kùn pé, "Ta ló rán an níṣẹ́?" Ó gbọ́ ọ, ó sì dùn ún ju ẹ̀rín lọ́yà lọ.

Travis gba ìwé náà, ó wò ó pẹ́. "Mà, ta ló kọ orúkọ yín síbí?"

"Èmi ni."

"Ta ló rí yín?"

"Orval nìkan. Òun ló sì ní kí n kọ ìkún omi."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," Orval dáhùn látẹ̀yìn, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Kí ló dé tẹ́ ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Torí èmi ni mo ṣe é." Nedra tọ́ka sí ìwé náà. "Ọgọ́ta èèyàn la jẹ́, Travis. Gbogbo wa la fẹ́ràn ẹja yìí. Wákàtí kan péré la lò, bàtà rọ́bà la wọ̀. Ohun tí ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀ ṣe nìyẹn. Katapílà ò fẹ́ràn ẹ̀. Mi ò lóhun mìíràn láti sọ."

Lọ́yà náà fẹ́ fèsì, Travis na ọwọ́ sí i pé kó jókòó.

"Ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlógún ni mo kọ orúkọ mi sórí bébà yín," ló wí. "Shane ló ṣe méjì níbẹ̀. Ẹ̀rù ló bà á tí ò lè dìde."

"Mo mọ̀. Mo ń rí yín nínú dígí."

Gbogbo ojú yí sí Shane tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ilẹ̀. Travis náà ò tún wò ó mọ́. Ó ní òun ò fọwọ́ sí kíkó òkúta. Ìbò di méjì sí ọ̀kan.

Ẹ má rò pé wọ́n gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ Ìdúpẹ́, tí ẹbí máa ń kóra jọ jẹun, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àga Shane ṣófo nídìí tábìlì ìyá wọn, Nedra ò sì gbọ́ èyí kó má dún un.

Nígbà tí ìwọ́wé tún dé, eékún Orval ò gbé e bíi ti tẹ́lẹ̀, ó bá fa ìdì ríbọ́ọ̀nù lé Nedra lọ́wọ́. Nedra bi í léèrè àwọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, títí bàbá náà fi bínú. Ó ń so ọ̀kan mọ́ igi nígbà tó rí abo sámọ́ọ̀nù kan tó ń fi ìrù gbẹ́ òkúta, níbi tóun gan-an dúró sí lọ́jọ́ fọ́tò.

"Sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó dáadáa," Orval pè é láti inú omi. "Ibi tí mo wà yìí mọ́, kò sí ìtẹ́ níbẹ̀."

"Rárá o," Nedra wí, ó sì fọwọ́ di ẹ̀ka igi mú. "Ibi tí mo dúró sí yìí tó mi."