Òjò Ìyá Àdúrà Lórí Iná Fẹ̀hìntọlá

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Fẹ̀hìntọlá Akínwándé, ẹ sọ fún un pé iná ń ba koríko jẹ́. Ẹ̀kọ́ nípa koríko ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì ní Braamfontein, ní Jo'burg níbí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, a jọ máa ń wọ aṣọ funfun lọ sí ìjọ Aládùúrà wa ní Berea, níbi tó ti máa ń wàásù koríko fún ẹni tí kò bi í.

Pápá kan wà lẹ́yìn ẹ́sítéètì ní Fourways tó fẹ́ràn bí ọmọ. Ó pẹ́ tí wọ́n ti sun ún kẹ́yìn. Koríko gbígbẹ ti bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀, òdòdó kò rí oòrùn, ẹyẹ ti kó lọ. Bí kò bá jó lọ́dún 2014, igi ẹlẹ́gùn-ún ni yóò gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n Titus, alága ẹ́sítéètì, ọmọ Iléṣà tí èéfín sìgá lásán ń dẹ́rù bà, kò gbà.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Washing àwọn èèyàn wà lórí line."

"Brọ̀dá Titus, nílé wa, ta ni kì í sun oko kó tó gbìn?"

Ó bẹ̀ ẹ́ títí tí Titus fi yọ̀ǹda ọjọ́ kan péré, Sátidé kan lóṣù kẹjọ. Mo bá a lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ sun etí pápá yí ká kí iná má baà ré kọjá, wọ́n wá ṣáná sí inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan.

Ohun tí Fẹ̀hìntọlá gbàgbé ni pé orí òkè kékeré tó wà nítòsí ni ẹgbẹ́ àdúrà wa ti ń gbààwẹ̀. Ìyá Àdúrà Magdalene tó ń darí wọn rí èéfín, kò béèrè ẹni tó dáná. A gbọ́ agogo rẹ̀, a gbọ́ igbe rẹ̀: "Baba, rọ òjò!" Àmín tó tẹ̀ lé e pọ̀.

Òjò rọ̀. Lóṣù kẹjọ, tó jẹ́ àárín ọ̀gbẹlẹ̀ ní Jo'burg! Ẹni tí à bá ní kó fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu. Iná kú ní agbede méjì pápá. Fẹ̀hìntọlá dúró nínú ẹrẹ̀ dúdú, ó ń sunkún; àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, ẹ̀rín sì ń pa mí.

"Eish," ni Titus wí. "Day yín ti lọ nìyẹn o."

Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ìdajì tó jó tutù yọ̀yọ̀, òdòdó yọ, ẹyẹ dé. Ìdajì tí òjò gbà là rí bí ẹní àtijọ́. Àwọn ará ẹ́sítéètì ń wá ya fọ́tò níbi ààlà rẹ̀. Titus fúnra rẹ̀ ló fóònù: "Dókítà, ìdajì tó kù ńkọ́? Ìgbà wo lẹ máa sun ún?"

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ìyá Àdúrà jẹ́rìí pé òjò òun ló mú kí òdòdó yọ ní pápá. Ó wá pe Fẹ̀hìntọlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Dókítà, next year, sọ ọjọ́ náà fún mi, kí n bá ẹ di òjò mú."

Fẹ̀hìntọlá kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ náà, ẹ ṣáà sùn."