Ọjọ́ tí Òkè Lẹ́búlẹ́bú Wó Lù Mí ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ wá ibi fìdí lé, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá rí àga kó fà á súnmọ́ mi, nítorí ohùn mi kò ròkè mọ́; ẹni tí kò bá rí àga, ẹní wà nílẹ̀. N kò ní í kánjú sọ ọ́, ẹ̀yin náà ẹ má kánjú gbọ́ ọ. Ó pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi máa ń dìde kúrò níbikíbi tí káfíńtà bá ti gbé ayùn lé pákó. Ẹ rò pé ìgbéraga ni. Ìgbéraga wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ti òní. Ti àwọn ọdún 1950 ni, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, tí olúkúlùkù wa tó lè kọ orúkọ ara rẹ̀ sì ti ń múra bí ẹni tí wọ́n máa fa àga òyìnbó lé lọ́wọ́ lọ́la.

Ará Ìkòròdú ni ìyá mi, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ará Ẹ̀pẹ́ ni bàbá mi, apẹja ni, mùsùlùmí ni. Ìhà méjèèjì ló ni mí nígbà tí mo bá ṣe dáadáa. Bí mo bá fọ́ àwo, àwọn ti Ìkòròdú á ní ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀pẹ́ ló ń dà mí láàmú. Bí mo bá sùn títí oòrùn fi yọ, àwọn ti Ẹ̀pẹ́ á ní bí wọ́n ṣe ń sùn ní Ìkòròdú nìyẹn. Nígbà tí àwọn òbí mi kú tán, ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbà mí sílé ní Ẹ̀pẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì ń ránṣẹ́ láti Ìkòròdú pé kí n má gbàgbé ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Ẹ̀pẹ́ ni mo máa ń pe ọ̀kan, Bàbá Ìkòròdú ni mo máa ń pe èkejì. Èmi ń bá oúnjẹ lọ ní tèmi. Nígbà Iléyá, mùsùlùmí ni mí. Nígbà Kérésì, ẹ ò ní í bá mi ní Ẹ̀pẹ́.

Mo ti yege sítáńdáàdì síìsì, nítorí náà wọ́n gbà mí sí sọ́míìlì kan létí ọ̀sà. Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ gẹdú tí wọ́n bá fi omi gbé dé sínú ìwé. Ẹ̀yin kò mọ ohun tí akọ̀wé jẹ́ nígbà náà. Mo ní kẹ̀kẹ́, mo ní kóòtù dúdú kan, mo ní pẹ́ńsù tí kì í kúrò létí mi, àní bí mo bá ń wẹ̀. Bàbá mi fi àjẹ̀ méjì tó fi ń wa ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo jù wọ́n sẹ́yìn ilé. Kí ni akọ̀wé fẹ́ fi àjẹ̀ ṣe?

Lẹ́yìn sọ́míìlì yẹn ni wọ́n ti ń da gbogbo lẹ́búlẹ́bú pákó tí ayùn bá tú jáde. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dà á, ọdún ń gorí ọdún, títí ó fi di òkè tó ga ju òrùlé sọ́míìlì fúnra rẹ̀ lọ. Fọ́máàn wa fẹ́ràn òkè náà ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Bí àlejò bá dé, kò ní í mú un lọ wo ẹ̀rọ. Òkè ló máa mú un lọ wò. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja kì í wò ó ní tiwọn, wọ́n ń bù ú ni. Lẹ́búlẹ́bú pákó kì í jó fòò, ńṣe ló máa ń rú èéfín díẹ̀díẹ̀, ẹja á sì gbẹ, á pọ́n dáadáa. Òjò máa ń rin orí òkè náà, ìsàlẹ̀ nìkan ló ń gbẹ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bù ú. Ìyá kan wà nínú wọn tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́ja. Ojú kan náà ló máa ń bù, títí ibẹ̀ fi jìn wọlé bí yàrá.

Fọ́máàn á ní, "Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ óò gbẹ́ òkè mi dé Ìkòròdú o."

Ìyá Ẹlẹ́ja á ní, "Tí mo bá gbẹ́ ẹ dé ọ̀hún, màá kúkú pàtẹ ẹja mi síbẹ̀."

Ọkọ̀ sinimá ìjọba wá dé sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ta aṣọ funfun sí pápá, wọ́n kọ́kọ́ fi bí a ṣe ń fọ ọwọ́ hàn wá, àwa tí a ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi àwọn òyìnbó kan hàn wá lórí òkè tí yìnyín bò. Wọ́n de pákó gbọọrọ mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n mú ọ̀pá sọ́wọ́ méjèèjì, wọ́n ń yọ̀ bọ̀ nílẹ̀ bí ọṣẹ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni.

"Kí ni wọ́n ń sá fún?" ni Bàbá Ẹ̀pẹ́ bi mí.

"Wọn ò sá fún nǹkan kan, bàbá. Fàájì ni wọ́n ń ṣe."

"Tí wọ́n bá wá dé ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á tún gun òkè padà, wọ́n á tún yọ̀ bọ̀."

Bàbá Ẹ̀pẹ́ mi orí títí. "Àwọn tó ń ṣàkóso wa rèé."

Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ó dá mi lójú lọ́jọ́ náà pé ohun tó wà láàárín àwa àti òyìnbó kò ju pákó méjì lọ. Mo yan pákó igi afárá tó gún régé, mo gbé e fún káfíńtà, ó fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ nímú sókè bí ti ọkọ̀ ojú omi. Mo fi àdí pa á lábẹ́, mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ mi tó ti gbó láti fi de ẹsẹ̀. Ọ̀pá ló kù. Ìgbà náà ni mo rántí àjẹ̀ bàbá mi.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo mú. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ nínú aṣọ funfun wọn rí mi, kí wọ́n lè ròyìn. Bàbá Ìkòròdú náà ti bá lọ́rì gba Ìmọ̀ta wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, pé òun fẹ́ yan pákó tí wọ́n máa fi kan bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì. Bí gbogbo ẹbí mi ṣe pé nìyẹn. Mo gun òkè, mo de pákó mọ́ ẹsẹ̀, mo gbé àjẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́. Mo sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ọ̀làjú. Ìyá Ẹlẹ́ja, tó ti bu tiẹ̀ láàárọ̀ láti inú yàrá rẹ̀ ìsàlẹ̀, kò sí níbẹ̀. Ó ní ẹja tó ń yan.

Mo yọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ó dùn. Atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ mi lójú, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń pariwo "Akọ̀wé! Akọ̀wé!", mo sì ti ń rò ó pé n ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ibi tí mo ti ń rò ó ni mo ti gbọ́ ìró kan lẹ́yìn mi, húù, bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn. Òkè náà ń tẹ̀lé mi bọ̀. Ìsàlẹ̀ tí mo ń yọ̀ lọ bá ti ṣófo tipẹ́tipẹ́; mo já sínú yàrá Ìyá Ẹlẹ́ja, òkè sì wọlé tọ̀ mí wá.

Òkùnkùn. Ooru. Òórùn igi. Pákó méjèèjì já kúrò lẹ́sẹ̀ mi, wọ́n dábùú ara wọn lókè orí mi, wọ́n ṣe bí òrùlé kékeré. Àjẹ̀ kan sọnù, èkejì dúró ṣánṣán lọ́wọ́ mi, orí rẹ̀ sì yọ síta. Ẹ̀gbẹ́ igi àjẹ̀ yẹn ni atẹ́gùn tó kéré jọjọ ti ń wọlé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń gbọ́ ohùn èèyàn. Mo mọ̀ pé èémí yìí kò ní í tó mi fún ìgbà pípẹ́. Mo fẹ́ kígbe, lẹ́búlẹ́bú kún ẹnu mi. Mo fọkàn balẹ̀ pé wọ́n á gbẹ́ mi jáde kíákíá. Ṣé ẹbí mi kọ́ ló dúró sórí mi ni?

Ohùn Fọ́máàn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. "Ẹ dúró! Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án! Etí ọ̀sà nìyí, ilẹ̀ káńsù ni. Ó di dandan ká kọ lẹ́tà gba àṣẹ ná."

Ẹnìkan ní, "Ta ló ń bá yín kọ lẹ́tà?"

Fọ́máàn ní, "Òun tó wà nísàlẹ̀ yìí náà ni."

Bàbá Ẹ̀pẹ́ bú sẹ́kún. Ó sunkún dáadáa, n kò parọ́ mọ́ ọn. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Ọlọ́run ló fún wa, Ọlọ́run ló gbà á. Kò gbọdọ̀ di ọ̀la kí a tó sin ín. Ó sì ti wà nínú ilẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ ká kírun sí i lára, ó parí."

"Kírun sí ta ni lára?" Bàbá Ìkòròdú nìyẹn. "Ọmọ tí àlùfáà wa wọ́n omi sí lórí! Ìkòròdú ló ń lọ, inú pósí ló sì máa wà."

"Pósí wo? Àbúrò mi ló bí i."

"Ṣé àbúrò yín ló lóyún rẹ̀ ni?"

"Ẹ wò ó, àmì sàréè gan-an ti dúró síbẹ̀." Àjẹ̀ mi ni Bàbá Ẹ̀pẹ́ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Àgbélébùú ló yẹ kó wà níbẹ̀."

"Ẹ wá igi mìíràn dábùú rẹ̀ nígbà náà!"

Mo fi gbogbo agbára tó ṣẹ́ kù mi àjẹ̀ náà.

"Yéè! Ó ń mì!"

"Atẹ́gùn ọ̀sà ni," ni Fọ́máàn wí. Ọkùnrin tó lè ṣàlàyé ohun gbogbo ni.

Mo tún mì ín. Bàbá Ìkòròdú ní ẹ̀mí mi ni kò simi, nítorí wọn kò tíì pinnu ibi tí n ó sùn. Ni wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ ìsìnkú sílẹ̀ ná, wọ́n ní kí wọ́n yanjú èyí tó rọrùn. Báyìí ni mo ṣe dùbúlẹ̀ tí mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pín mi. Kẹ̀kẹ́ di ti Bàbá Ẹ̀pẹ́, nítorí òun ló gbà mí sílé. Kóòtù di ti Bàbá Ìkòròdú, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ. Tábìlì, pẹ́ńsù àti ìwé gẹdú di ti ẹ̀gbọ́n ìyàwó Fọ́máàn, tó ti ń wáṣẹ́ tipẹ́. Wọn kò jà níbẹ̀ rárá. N kò gbọ́ kí ìhà méjèèjì fohùn ṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

"Àjẹ̀ yìí ńkọ́?" ni ẹnìkan bèèrè.

"Àjẹ̀ lásán? Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀."

Wọ́n pe ìrun Àlàásárì. Gbogbo ìhà kan gbéra, wọ́n lọ kírun, wọ́n ní àwọn á gba ibẹ̀ mú aṣọ òkú bọ̀. Ìhà kejì lọ bá káfíńtà lórí ọ̀rọ̀ pósí. Fọ́máàn lọ wá ẹni tó lè kọ lẹ́tà. Ó dákẹ́ rọ́rọ́ lókè. Èémí mi ti di bíńtín. Mo rántí bàbá mi, mo rántí ìyá mi, mo sì rántí kẹ̀kẹ́ mi.

Ẹsẹ̀ kan ń bọ̀. Ẹnìkan ń kùn. Ìyá Ẹlẹ́ja ni, iná ti fẹ́ kú lábẹ́ ẹja rẹ̀, ló bá gbé apẹ̀rẹ̀ wá bu lẹ́búlẹ́bú sí i. Kò gbọ́ nǹkan kan nípa òkú.

"Ta ló wó yàrá mi? Ta ló sì gbé àjẹ̀ síbí?" Ó dì í mú, ó fà á. Mo di ìdí rẹ̀ mú, mo fà á padà. Ó fà á. Mo fà á.

"Háà! Ìwọ tó wà nísàlẹ̀ yẹn, fi àjẹ̀ sílẹ̀!"

N kò fi sílẹ̀. Obìnrin mìíràn ì bá sá lọ. Ìyá Ẹlẹ́ja bẹ̀rẹ̀ sí í fi apẹ̀rẹ̀ bu òkè náà dànù sọ́tùn-ún sósì, ó ń ṣépè fún mi bó ti ń bù, pé olè tó bá fẹ́ gba àjẹ̀ lọ́wọ́ òun kò tíì dáyé. Ó gbé pákó méjèèjì kúrò. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, ojú rẹ̀ tẹ̀lé e.

"Akọ̀wé!" ló wí. "Kí lò ń wá nínú iná ẹja mi?"

Mo wúkọ́ dáhùn. Ó gbé mi lábíyá bí ọmọdé, ó fún mi lómi, ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, ó sì bu apẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ kún kó tó wí ohunkóhun mọ́.

Orí apẹ̀rẹ̀ yẹn ni mo jókòó sí nígbà tí aṣọ òkú gba ọ̀nà kan dé, tí káfíńtà tó fẹ́ wọ̀n mí sì gba ọ̀nà kejì dé. Wọ́n dúró. Wọ́n wò mí. Bàbá Ẹ̀pẹ́ bú sẹ́kún lẹ́ẹ̀kejì, Bàbá Ìkòròdú kọrin ìyìn ẹsẹ̀ kan. Fọ́máàn nìkan ló bínú. "Ta ló gbẹ́ ẹ láìgba àṣẹ?"

Ẹ ó wá bi mí pé ṣé wọ́n dá nǹkan mi padà. Bàbá Ẹ̀pẹ́ ní òun ti tọrọ àdúrà fún ọkàn mi ní mọ́ṣáláṣí, òun sì ti dúpẹ́ ogún kẹ̀kẹ́ náà, òun kò sì lè padà lọ sọ fún Ọlọ́run pé àṣìṣe ni. Ó gun kẹ̀kẹ́ yẹn títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Bàbá Ìkòròdú wọ kóòtù mi lọ síbi ìkórè ọdún náà, ó ní kó má bàa jẹ́ pé òfo ni òun bá dé láti Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó Fọ́máàn jókòó sídìí tábìlì mi. Wọ́n ti fi yíǹkì kọ ọ́ sínú ìwé pé mo kú, wọ́n ní yíǹkì kò ṣeé parẹ́. Ìyá Ẹlẹ́ja mú pákó ẹsẹ̀ mi méjèèjì lọ, ó fi wọ́n ṣe pẹpẹ tó ń to ẹja lé, imú wọn ṣì tẹ̀ sókè. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí àwọn obìnrin yòókù dé ìdí òkè náà mọ́, nítorí náà gbogbo lẹ́búlẹ́bú Ẹ̀pẹ́ di tirẹ̀ nìkan.

Àjẹ̀ tẹ́nikẹ́ni kò pín ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi, òun àti ikọ́ yìí. Mo gbé e lọ sétí ọ̀sà, mo yá ọkọ̀, mo ń gbé èèyàn sọdá. Òun ni mo fi jẹun, òun ni mo fi fẹ́yàwó. Mo gbé àwọn bàbá mi méjèèjì sọdá lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kan pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ mi, èkejì nínú kóòtù mi. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ dìde lọ wò ó kó lọ wò ó, ṣùgbọ́n kó má fà á o.