Elétí-ọfẹ àti Ajá inú Yàrá Ìgbọ́rọ̀

Ẹ̀gbọ́n tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi lójú ẹbí. Àga wa ló fara kanra. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá jókòó ti ẹnì kan fún ọdún gbọọrọ nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, tó mọ bó ṣe ń fẹ́ tíì kó tó mu ún, tó mọ ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bá ń bínú láti ara kọ́là ẹ̀wù tí wọn ò lọ̀, kí ló tún kù tí ẹ̀jẹ̀ fẹ́ ṣe? Elétí-ọfẹ ni gbogbo wa ń pè é. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú fáìlì àwọn ológun, èmi ò sì fi pè é rí.

Iṣẹ́ wa ni kí á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọn ò bá wa sọ. Nílé, wọ́n kọ́ wa pé ìwàkiwà ni. Níbi iṣẹ́, wọ́n ń fún wa ní àmì ẹ̀yẹ lórí ẹ̀. A kì í ṣe ọmọ ogun o, òṣìṣẹ́ lásán ni wá, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ilé àwọn ológun la ń jókòó sí, tí a fi hẹ́dúsẹ́ẹ̀tì bo etí, tí a ń tẹ́tí sí rédíò àwọn ọmọ ogun òdìkejì ààlà. Elétí-ọfẹ mọ̀ wọ́n bí ẹní mọ àna rẹ̀. Ọ̀kan wà láàárín wọn tó máa ń kólòlò, a sì sọ ọ́ ní Akólòlò. Elétí-ọfẹ mọ ìgbà tó gbéyàwó, torí ohùn rẹ̀ dùn fún oṣù kan gbáko. Ó mọ ìgbà tí ìyá Akólòlò kú, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, bí ẹni pé òun ló ni òkú.

Nígbà mìíràn, àwọn ará òdìkejì á rán ariwo sórí ìkànnì kí á má baà gbọ́ wọn, ariwo kan báyìí tó ń gún etí bí abẹ́rẹ́. Gbogbo wa la máa ń já hẹ́dúsẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Òun nìkan ló máa ń fi tirẹ̀ sílẹ̀ létí, á dijú, á ní ọ̀rọ̀ ṣì wà lábẹ́ ariwo náà. Ó sì máa ń wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó fi gba orúkọ nìyẹn.

Èmi ní tèmi, onífura ni mí, n kò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ìfura loògùn àgbà, mo sì ti ń lo oògùn náà láti kékeré. Bí ọkọ mi bá rẹ́rìn-ín sí fóònù, mo fẹ́ mọ ẹni tó pa á lẹ́rìn-ín. Ní irú iṣẹ́ tiwa, kò sẹ́ni tó máa ń pe ìyẹn ní àléébù.

Lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan wà. Fóònù, aago ọwọ́, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tó bá ti ń tàn, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ ibẹ̀, kálukú á sì so kọ́kọ́rọ́ àpótí tirẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà kọ́ ọrùn. Sájẹ́ńtì obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ á tú báàgì wa, á yẹ ìsàlẹ̀ bàtà wa wò, á ki ọwọ́ bọ inú irun mi bí ẹni tó ń wá iná orí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo rò pé ó kórìíra mi ni.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ tẹ̀léra. Àkọ́kọ́, àwọn ará òdìkejì yí gbogbo ìkànnì wọn padà lójijì, bí ẹni tí wọ́n ta lólobó. Ọ̀gá wa, májọ̀ kan tí kì í gbójú kúrò lórí ìwé bó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ní ẹnì kan ń tú àṣírí láti inú ilé. Ó ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Ìkejì ni pé wọ́n gbé Ajá dé.

Ajá kì í ṣe ajá. Ẹ̀rọ ni, àpótí dúdú kan tí wọ́n kàn mọ́ àjà, tí Ẹnjiníà, ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ mú bí abẹ, ń darí láti orí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wa pé ẹ̀rọ náà ń kọ́ ara rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ ni. Yóò fi ọ̀sẹ̀ kan gbọ́ gbogbo ohun tó ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ nínú ilé wa, yóò mọ̀ wọ́n bí ará ilé ṣe ń mọ ara wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, bí àlejò kan bá wọlé, bó ti wù kó kéré tó, iná pupa á tàn. Ó ní ọ̀tá kì í fo ògiri wọlé mọ́ láyé tí a wà yìí, inú nǹkan wẹ́wẹ́ ló ń gbà wọlé. Ibi tí agbára Ajá mọ ni pé ó lè sọ igun yàrá tí àlejò náà wà, kò lè sọ orí àga wo.

Ọ̀sẹ̀ tí Ajá fi ń kẹ́kọ̀ọ́, èmi àti Elétí-ọfẹ wà ní ìsinmi, torí méjì méjì la máa ń ṣiṣẹ́, méjì méjì la sì ń sinmi. Ọjọ́ tí a padà dé, a ò tíì jókòó gbóná tí iná pupa fi tàn. Igun tiwa ni Ajá tọ́ka sí.

Wọ́n tú tábìlì wa palẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ àga, wọ́n pààrọ̀ hẹ́dúsẹ́ẹ̀tì, wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀. Bí a bá jáde tí àwọn méjì mìíràn bá wọlé, iná á kú. Bí a bá tún wọlé, á tàn. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó fi kọ́ọ̀bù tíì sílẹ̀ lọ sí ilé ìtọ̀ mọ́; a ń gbé e dání bí ọmọ ọwọ́. Ẹni tó máa ń yá mi ní síbí sọ pé síbí òun ti sọnù, mo sì ń wò ó tó ń fi síbí ọ̀hún po tíì tirẹ̀.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi. Bí wọ́n bá ní ọ̀kan nínú ènìyàn méjì ni, tí mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi, ìṣírò wo ló tún kù? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo Ẹ̀gbọ́n.

Ohun tí mo rí kò dára. Kó tó wọlé láràárọ̀, ilé ìtọ̀ ló ń kọ́kọ́ yà sí, bó bá sì jáde, ọwọ́ rẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Bí mo bá pè é láti ẹ̀yìn, kò ní dáhùn, bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí a bá gbọ́ nǹkan tán lórí rédíò, á yí sí mi, á tẹjú mọ́ ẹnu mi, á ní, "Kí lo gbọ́?" Bí mo bá ti sọ ọ́, á mi orí, á ní, "O gbọ́ ọ dáadáa," á wá kọ ọ́ sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé àgbà ló ń dán ọmọdé wò. Ní báyìí, mo bi ara mi léèrè ta ló ń kó ọ̀rọ̀ mi lọ bá.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, mo lọ sílé rẹ̀, mo díbọ́n pé mo fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀. Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n wọn tó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń lù. Ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́ wa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí ènìyàn ò bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí òun ń sọ, ariwo ló máa ń fi bò ó. Bí mo ṣe wọlé, òun àti ìyàwó rẹ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi tí wọ́n bù fún mi, n ò mu ún.

Mo ṣì ń ro ẹni tí màá sọ fún nígbà tí wọ́n yí orí ọ̀rọ̀ náà sí èmi gan-an. Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní òdìkejì ààlà. Ibẹ̀ ló ti fẹ́yàwó kí ìjà tó dé. N ò fi pamọ́ rí, ó wà nínú fáìlì mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà mí. Ṣùgbọ́n ohun tí kò jọ nǹkan nígbà àlàáfíà máa ń ga ju ènìyàn lọ nígbà ìfura. Ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́ ọrùn mi, ó ní bó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọlọ́pàá ológun yóò wá mú mi lọ sí ilé ìwádìí. Gbogbo wa la mọ ilé náà. Ẹni tó wọ ibẹ̀ kì í tètè jáde, ẹni tó bá sì jáde kì í rí iṣẹ́ ṣe mọ́. Mo fojú inú wo àwọn ọmọ mi, mo rí wọn lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Ẹ̀rù bà mí gan-an, inú sì bí mi ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ.

Nígbà tó di àárọ̀, mo dúró níwájú Ọ̀gá, Ẹnjiníà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan lọ́wọ́, ó ní ọmọ Ajá ni. Ìjìnlẹ̀ ọ̀wọ̀ tí mo ní fún Ẹ̀gbọ́n, mo gbé e jù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ti ilé ìtọ̀, ti ọwọ́ tó ń kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, ti ìbéèrè, ti tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí ìwé iwájú rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ń rì sómi, kò sí ohun tí kò ní dì mú. Síbẹ̀, ó ní kí wọ́n pè é wá.

Ó wọlé pẹ̀lú kọ́là tí wọn ò lọ̀. Ọ̀gá tún ọ̀rọ̀ mi sọ fún un, ó sì fi kún un pé, "Ẹ ti pẹ́ níbí ju èmi náà lọ. Bí ẹ bá ti ní irọ́ ló ń pa, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn."

Gbogbo wa la mọ̀ pé òótọ́ ni. Gbólóhùn kan péré, òun á padà sórí àga rẹ̀, èmi á wọ mọ́tò àwọn ológun. Kò wo Ọ̀gá. Ẹnjiníà ló kọjú sí.

"Ẹnjiníà, ohun tí ẹ ń wá yìí, ṣé ó lè kéré tó hóró ẹ̀wà?"

"Ó lè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, sà."

"Ṣé ó lè máa sọ̀rọ̀ kí ẹni tó ni ín má mọ̀?"

"Dáadáa, sà. Ohunkóhun tó bá ti so mọ́ fóònù kan rí, bí fóònù ọ̀hún ò bá sí nítòsí, á kàn máa pè é kiri ni."

Fóònù Ẹ̀gbọ́n wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, bíi ti gbogbo wa. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ìgbà yẹn gan-an ni òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ó wá wò mí, kò wò mí bí ẹni tó ń bínú. Ó ki ìka bọ etí ọ̀tún, ó yọ nǹkan kékeré kan tó jọ àwọ̀ ara, ó gbé e lé orí tábìlì. Ó yọ ti òsì náà. Irú ẹ̀rọ tí àwọn tí etí wọn ń di máa ń fi sínú ihò etí ni. Ẹnjiníà na ọmọ Ajá sí i, iná pupa sì tàn.

Kò sẹ́ni tó wo etí. Sájẹ́ńtì tú irun mi, ó yẹ ìsàlẹ̀ bàtà wò, ṣùgbọ́n etí ni wọ́n torí ẹ̀ gbà wá síṣẹ́. Ta ló máa ronú láti yẹ̀ ẹ́ wò? Ariwo tí gbogbo wa ń sá fún, tí òun nìkan ń wá ọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ti jẹ etí náà tán díẹ̀díẹ̀. Ilé ìtọ̀ ló ti ń pààrọ̀ bátìrì. Tẹlifíṣọ̀n tó ń ké, kí òun náà lè gbọ́ ìròyìn nínú ilé rẹ̀ ni. "Kí lo gbọ́" tó ń bi mí, kò dán mi wò, kò sì kó o lọ bá ẹnì kankan. Kò gbọ́ ni. Ojú tì mí débi pé n ò mọ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ mi sí. Ohun tó mú àwọn ará òdìkejì yí ìkànnì padà, títí di òní a ò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá kò gbójú sókè. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ìpinnu rẹ̀ sórí ìwé iwájú rẹ̀, bí ẹni tí ojú ń tì. Ẹ̀gbọ́n yí sí mi, ó tẹjú mọ́ ẹnu mi.

"Kí lo gbọ́?"

Mo sọ ọ́ fún un. Kò gbọ́. Mo súnmọ́ ọn, mo tún un sọ, ó ń wo ètè mi, ṣùgbọ́n ètè mi ń gbọ̀n. Ó wá di dandan kí n pariwo rẹ̀, tí àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi dákẹ́: "Wọ́n ní kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yín sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní kí ẹ máa lọ sílé."

Ó mi orí.

"O gbọ́ ọ dáadáa," ló wí, ó sì bọ́ kọ́kọ́rọ́ náà lọ́rùn.